Ẹ Má Fi Súkúù Wa Ṣe Yẹ̀yẹ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àgbà, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí. Mo fẹ́ kí a sọ ọ́ láàárín ara wa, mo sì fẹ́ kí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ́ ọ pẹ̀lú.

Àwọn kan wà ní ìlú tí wọn kò ní iṣẹ́ méjì ju kí wọ́n máa tún ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu. Ìyá kan á ní, "Mò ń lọ sí súkúù." Ọmọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé á bú sẹ́rìn-ín: "Màmá, kì í ṣe súkúù. School ni wọ́n ń pè é." Èkejì tí ó ka ìwé Faransé díẹ̀ á ní ìyẹn pàápàá kò dára, pé "école" ni kí ìyá máa wí. Àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ẹnu ìyá náà, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìyá náà kò ní wá mọ́. Èmi tí mò ń kọ́ yín ni mo máa ń rí ibi tí ó ṣófo lórí bẹ́ǹṣì.

Nítorí náà ni mo ṣe ní kí a gbé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, "school", kí a tú u wò bí a ti ń tú ẹrù. Kí a wo ibi tí ó ti wá, kí a wo bí àwọn ẹlòmíràn ti ń pè é, kí a sì wo ohun tí ó túmọ̀ sí. Bí a bá tú u tán, ẹ ó rí i pé àwọn tí ń fi yín rẹ́rìn-ín kò mọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n kàn mọ̀ ọ́n pè ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí wọ́n ti ń kọ ọ́. Lẹ́tà mẹ́fà ni: s, c, h, o, o, l. Ṣùgbọ́n ìró mẹ́rin péré ni ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ń pè: s, k, ú tí a fà gùn, àti l. Ẹ̀yin tí mo ti kọ́ pé ní èdè Nàgó ohun tí a bá kọ ni a ń kà, ẹ ó béèrè pé kí ni "h" ń wá níbẹ̀. Ìbéèrè yín tọ̀nà. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, "scol" ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kọ. Lẹ́yìn náà wọ́n ń kọ ọ́ ní "scole". Kò sí "h" kankan nínú rẹ̀. Nígbà tí ó yá ni àwọn ọ̀mọ̀wé wọn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jọ "schola" tí ó wà nínú èdè Látìnì, ni wọ́n bá ki "h" bọ̀ ọ́. Ẹnu kò pe "h" náà rí. Ọ̀ṣọ́ ojú ìwé lásán ni.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò tíì parí ìjà lórí lẹ́tà mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí wọ́n ń kọ ní "schedule", ìyẹn ètò àkókò iṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ará Ìlú Ọba a máa fi ìró "ṣ" bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà a sì máa fi "sk" bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lé ará Amẹ́ríkà jáde ní kíláàsì nítorí èyí.

Ẹ̀yin apẹja, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú. Ọ̀wọ́ ẹja tí ń wẹ̀ pọ̀ nínú omi, "school" náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, lẹ́tà mẹ́fà kan náà, ìró kan náà. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti wá yàtọ̀. Láti inú èdè àwọn ará Họ́láńdì ni èyí ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀wọ́ tàbí agbo. Bí ọmọ Èkó náà bá tún dé, ẹ bi í léèrè èyí tí ó ń wí nínú méjèèjì.

Ti ilé ẹ̀kọ́ ni tiwa. Àwọn Gíríìkì ni wọ́n ni ín ní ìbẹ̀rẹ̀, ní ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún méjì ọdún lọ. "Skholē" ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Róòmù gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n sọ ọ́ di "schola". Láti Róòmù ni ó ti tàn ká ilẹ̀ Òyìnbó. Ẹ wá wo ohun tí ẹnu oníkálukú fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Àwọn ará Ítálì ní "scuola". Àwọn ará Jámánì ní "Schule", "ṣ" ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sí "k" lẹ́nu wọn rárá. Àwọn ará Sípéènì ní "escuela". Àwọn Potogí ní "escola", ọ̀rọ̀ yìí náà sì ni ó wà nínú èdè tí àwọn Àgùdà mú ti Bràsíìlì bọ̀ wá sí Àjàṣẹ́.

Kí ni ó gbé "e" wá síwájú ọ̀rọ̀ náà ní Sípéènì àti lọ́dọ̀ àwọn Potogí? Ẹnu wọn ni. Ẹnu wọn kò gbà kí "s" àti "k" so pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ni wọ́n bá fi "e" ṣe àtẹ̀gùn. Àwọn Faransé náà ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. "Escole" ni wọ́n ń wí ní àtijọ́. Nígbà tí ó pẹ́, wọ́n gbé "s" mì, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń kọ ọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1740, nígbà tí Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga Èdè Faransé tún ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀, wọ́n yọ ọ̀pọ̀ irú "s" tí ẹnu kì í pè mọ́ kúrò. Àmì kékeré tí ẹ ń rí lórí "é" nínú "école", ibi tí "s" ti kú ni ó dúró sí. Ẹni tí ó bá rò pé mo purọ́, kí ó ṣí ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Faransé ńlá kan, tàbí kí ó wò ó lórí tẹlifóònù tí ó ń fi ṣe fáàrí.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ̀ sílé. Èdè Nàgó ní òfin tirẹ̀. Lára òfin náà ni pé kọ́ńsónáǹtì méjì kì í dì mọ́ra, àti pé ọ̀rọ̀ wa kì í fi "l" parí. Nígbà tí "school" dé ọ̀dọ̀ wa, a fi "ú" sí àárín "s" àti "k", a jẹ́ kí "l" ìparí lọ, a sì fa ohùn náà gùn. Ó di súkúù. Bẹ́ẹ̀ náà ni "bread" ṣe di búrẹ́dì, tí "slate" di síléètì, tí "glass" di gíláàsì. N kò tíì rí ẹni tí ó ń fi búrẹ́dì ṣe ẹlẹ́yà nígbà tí ó ń jẹ ẹ́.

Àwọn ará Sípéènì fi "e" síwájú, àwa fi "ú" sáàárín. Iṣẹ́ kan náà ni. Kí ló dé tí tiwọn fi jẹ́ èdè, tí tiwa sì jẹ́ àṣìpè? Ìyàtọ̀ tí èmi rí kò ju pé wọ́n ní ìbọn, wọ́n sì tètè ní ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀.

Àwa nìkan kọ́ ni a ṣe é. Ẹ kọjá sí Tógò, kí ẹ tẹ́tí sí àwọn ará Ewe. "Suku" ni wọ́n ń wí. Àwọn Jámánì gba ilẹ̀ náà ní 1884, wọ́n lò ó títí di 1914, lẹ́yìn náà ni àwọn Faransé gba apá tí ó pọ̀ jù. "Schule" kò borí "suku", bẹ́ẹ̀ ni "école" kò lé e lọ. Àwọn ará Gun tí a jọ ń gbé ní Àjàṣẹ́ ṣe tiwọn lọ́nà mìíràn: "wehọmẹ" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn inú ilé ìwé.

Nígbà náà ni ẹlòmíràn á gba ẹ̀yìn yọ, á ní: "Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwa náà pa súkúù tì, kí a máa wí ilé ìwé tàbí ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó ni súkúù." N kò bá ilé ìwé jà. Tèmi ni, mo sì ń wí i lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu àwọn bàbá wa kì í ṣe àlejò mọ́. Ní àwọn ọdún 1840 ni àwọn oníwàásù ti dá súkúù sílẹ̀ ní Àgbádárìgì àti ní Abẹ́òkúta. Ní 1853, Àjàyí Crowther fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé Kétu. Ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó láti pín ilẹ̀ tí ó wà láàárín Àjàṣẹ́ àti Èkó. Kí ààlà tó wà, àwọn ènìyàn wa ti ń lọ, wọ́n ti ń bọ̀, ọ̀rọ̀ sì ń bá wọn rìn. Ẹ jẹ́ kí ilé ìwé àti súkúù jọ máa gbé. Ilé tí ó gba ọmọ méjì kò dínkù.

Mo mọ ibi tí ẹ̀rín náà ti ṣẹ̀. Ní àwọn ilé ìwé ìgbà Faransé, bí ọmọdé bá sọ èdè ìyá rẹ̀, wọ́n á fi nǹkan kan kọ́ ọ lọ́rùn. Yóò máa gbé e kiri títí yóò fi gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ mìíràn, kí ó tó lè gbé e fún onítọ̀hún. Ẹ ronú sí i: ọmọdé tí a sọ di amí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀! Nǹkan náà ti kúrò lọ́rùn, ṣùgbọ́n àṣà fífi etí ṣọ́ ẹnu ẹlòmíràn ṣì wà. Àwọn tí a fi í kọ́ lọ́rùn ti bímọ, àwọn ọmọ wọn sì ni wọ́n ń dúró ní ìkóríta láti gbọ́ àṣìsọ ìyá arúgbó. Bẹ́ẹ̀ òfin ńlá Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 11, oṣù kejìlá, ọdún 1990 sọ ọ́ kedere ní ẹsẹ̀ 11 pé gbogbo àwùjọ tí ó wà ní orílẹ̀-èdè yìí ní òmìnira láti máa lo èdè wọn, ní sísọ àti ní kíkọ. Òfin náà kò ní kí a kọ́kọ́ lọ tọrọ ẹnu ní Èkó tàbí ní Paris.

Ṣùgbọ́n ẹnu kọ́ ni ó dùn mí jù. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé a ń jà lórí bí a ti ń pe ọ̀rọ̀ náà, a kò sì béèrè ohun tí ó túmọ̀ sí.

Ẹ fara balẹ̀ kà á. "Skholē" ti àwọn Gíríìkì, ìtumọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe ilé. Kì í ṣe pátákó, kì í ṣe bẹ́ǹṣì, kì í ṣe olùkọ́ tí ó mú pàṣán lọ́wọ́. Àyè ni: ìgbà tí ọwọ́ ènìyàn bá dilẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí pé ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ ni ènìyàn lè jókòó, kí ó ronú, kí ó bá ẹlòmíràn fọ̀rọ̀ wérọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n wá ń pe irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ní "skholē". Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń fi pe ibi tí wọ́n ti ń jókòó. Àyè ni ó ṣáájú. Ilé ni ó kẹ́yìn.

Ọlọ́gbọ́n Gíríìkì kan wà tí ń jẹ́ Aristotle, ẹni tí ó kú ní 322 kí a tó bí Jésù. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ní Íjíbítì ni ìmọ̀ ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn àlùfáà ibẹ̀ ní àyè. Ilẹ̀ Áfíríkà ni Íjíbítì wà, ẹ má gbàgbé. Kò ní nítorí pé ọpọlọ wọn dára ju ti ẹlòmíràn. Ó ní nítorí pé wọ́n ní àyè.

Ta wá ni ó ń ro oko, tí ó ń pọn omi, tí ó ń se oúnjẹ, nígbà tí àwọn ọkùnrin Gíríìkì jókòó tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n? Àwọn ẹrú wọn ni, àti àwọn obìnrin ilé. Àyè kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Bí ẹnìkan bá ní i, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́rùn.

Ẹ̀yin baálé ilé, ẹ̀yin ni mo wá ń bá wí wàyí. Ẹ má bínú. Ẹ̀yin ni ẹ máa ń sọ fún mi pé, "Tíṣà, orí ìyàwó mi kò gba ìwé." Mo ti rí ìyàwó náà. Kí àkùkọ tó kọ, ó ti pọn omi. Ó dá iná, ó wẹ ọmọ, ó lọ sí oko. Ó bẹ gbágùúdá, ó rìn ín, ó yan án, ó gbé e lọ sí ọjà. Ó dé, ó se oúnjẹ alẹ́. Nígbà tí ó bá fi máa jókòó síwájú mi, ojú rẹ̀ ti ń pa dé. Ó mú bíìkì lọ́wọ́, bíìkì ń bọ́ sílẹ̀. Lákòókò kan náà, ẹ̀yin wà lábẹ́ igi, ẹ ń ta ayò láti ìrọ̀lẹ́. Orí rẹ̀ gba ìwé. Ẹ̀yin ni ẹ kò fún un ní súkúù, nítorí pé àyè ni súkúù, ọwọ́ yín ni àyè rẹ̀ sì wà. Wákàtí méjì, ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀: n kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹnìkan bá a se ọbẹ̀. Kí ẹnìkan gbé ọmọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ni, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀ tí mo gbọ́ rí.

Àwọn tí ń ṣètò ẹ̀kọ́ wa láti ìlú ńlá náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n bá wá, wọ́n á ka àtíbàbà tí a kọ́, wọ́n á ka pátákó àti àpótí ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. Wọn kì í béèrè pé agogo mélòó ni àwọn obìnrin ń kúrò ní ìdí iná. Wọ́n á fi ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ sí ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, tí gbogbo ènìyàn wà lóko tí wọ́n ń gbin àgbàdo, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn pé àwọn ará abúlé kò ní ìfẹ́ sí ẹ̀kọ́. Àtíbàbà tí kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni láti jókòó sábẹ́ rẹ̀, àwọn ewúrẹ́ ni ó wà fún.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo tẹ̀lé ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ sí ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ. Ìyá tí ń ta gààrí ni. Ó fẹ́ gba ìwé kan, wọ́n ní kí ó tẹ ìka. Ó ní òun lè kọ orúkọ òun. Akọ̀wé bi í pé níbo ni ó ti kọ́ ọ. Ó dáhùn pé, "Ní súkúù alẹ́ ni." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó tún ọ̀rọ̀ náà pè lẹ́ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí ó ti gbọ́ ọ, kí àwọn yòókù lè bá a rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn kì í ṣe súkúù, ó sì ti yíǹkì síwájú rẹ̀. Ìyá náà wo yíǹkì. Ó fa bíìkì yọ lápò mi, ó kọ orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn tí wọ́n tò sẹ́yìn ń kùn. Nígbà tí ó parí, akọ̀wé wò ó, ó lu òǹtẹ̀, kò sì rí nǹkan kan wí.

Wọ́n yìn mí ní ọjọ́ náà pé mo kọ́ ọ dáadáa. Èmi kọ́ ni kí wọ́n yìn. Ọmọ àbúrò ìyá yìí ni ó bá a yan gààrí ní ìrọ̀lẹ́ fún oṣù mẹ́jọ gbáko. Bí kì í bá ṣe ọmọ náà, ìka ni ìyá yìí ìbá tẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, bí ẹ bá mú síléètì tàbí ìwé yín lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹnìkan sì bi yín pé níbo ni ẹ ń lọ, ẹ dá a lóhùn pé súkúù. Ẹ pè é bí ìyá yín ti pè é. Ẹni tí ó bá sì rẹ́rìn-ín, ẹ sọ ọmọ ẹ̀yìn yín kalẹ̀, ẹ gbé e lé e lọ́wọ́, kí ó bá yín gbé e títí ẹ ó fi dé.